Orí, Ẹsẹ̀ àti Ọ̀pá Irin

Ìjà kan wà láàrin àwọn agbérin tí kò tíì parí, tí n kò sì rò pé yóò parí níwọ̀n ìgbà tí ọmọ aráyé bá ṣì ń fẹ́ kí itan òun le, kí ẹsẹ̀ òun sì fìdí múlẹ̀. Ìjà náà ni pé, nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ lóṣòó pẹ̀lú ọ̀pá irin tí a ti to àwo irin sí ní ìhà méjèèjì, kí ó sì tún fi agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde, ibo gan-an ni ó yẹ kí ọ̀pá náà jókòó lé lára rẹ̀. Àwọn kan ní orí ẹran ẹ̀yìn ọrùn ni. Àwọn kan ní ibẹ̀ ga jù, kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn èjìká. Àwọn mìíràn sì ní ẹ̀yìn kọ́ rárá, iwájú ni, lórí èjìká níbi tí ó ti súnmọ́ ọ̀fun, kí ìgúnpá méjèèjì sì nà síwájú. Wọ́n ń jiyàn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọ méjì ti í jiyàn lórí bóyá kí a wọ́n omi sí ọmọ lórí ni tàbí kí a ri àgbàlagbà bọ inú odò. Olúkúlùkù ní ẹ̀rí tirẹ̀, olúkúlùkù ní ẹni ńlá tí ó ń tọ́ka sí, àwọn tí wọ́n sì ti ipa ọ̀nà kọ̀ọ̀kan di alágbára kò kéré níye.

N kì bá tí dá sí i bí kò bá ṣe pé mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lábẹ́ ìjà náà kì í ṣe ti irin nìkan. Ìbéèrè tí àwọn baba wa máa ń gbé tọ babaláwo lọ, tí àlùfáà àti olùṣọ́-àgùntàn kò sì tíì yé dáhùn títí di òní, ni ó fara pamọ́ síbẹ̀: ohun tí ènìyàn dà láyé, ṣé ó gbà á wá láti ọ̀run ni, tàbí ó fi òógùn ojú rẹ̀ rà á? Nínú ọ̀ràn ọlà, nínú ọ̀ràn ọmọ, nínú ọ̀ràn òye àti ipò, àwọn méjèèjì ti lọ́ mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ní òun lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá lóṣòó sábẹ́ ẹrù, ohun tí a fún un àti ohun tí ó ṣiṣẹ́ fún a máa dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní gbangba, tí ẹni tí ó bá lójú yóò fi lè na ìka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí eré àwọn ọmọ aláyàpẹ̀tẹ̀.

Òfin kan ni ó wà lórí gbogbo ọ̀nà náà, òfin ọ̀hún kò sì mọ ọlọ́lá, kò mọ mẹ̀kúnnù: bí irin bá ti wúwo, ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ máa sọ̀kalẹ̀ kí ó sì máa gòkè ní ọ̀gangan agbedeméjì àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí pé bí ó bá yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹni tí ó gbé e yóò ṣubú, tàbí kí ó fi agbára tí ì bá fi dìde ṣòfò lórí pé kí ó má baà ṣubú. Inú òfin kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ìyàtọ̀ ti ń jáde. Bí ọ̀pá bá wà lókè lẹ́yìn ọrùn, ẹ̀yìn a lè nà díẹ̀, orúnkún a rìn síwájú, iṣẹ́ a sì pọ̀ fún iṣan iwájú itan. Bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀yìn èjìká, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbú ìka mélòó kan ni ìyàtọ̀ náà, àyà a tẹ̀ síwájú, ìdí a tì sẹ́yìn, ẹrù a sì bọ́ sórí ìbàdí, sórí iṣan ìdí àti ti ẹ̀yìn. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi lílóṣòó díje yàn, nítorí pé irin tí ènìyàn lè gbé lọ́nà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ó bá wá jẹ́ pé iwájú ni ọ̀pá wà, kò sí àyè fún títẹ̀ mọ́: bí àyà bá rẹ̀ sílẹ̀, bí ìgúnpá bá wálẹ̀, irin a yọ̀ bọ́ sílẹ̀ gbàmù.

Èmi fẹ́ràn ti iwájú yìí ju gbogbo wọn lọ fún ìdí kan tí kì í ṣe ti iṣan rárá: kò gba irọ́. Ẹni tí irin wà lẹ́yìn rẹ̀ lè fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ sọ lílóṣòó di títẹríba, kí ó fi ẹ̀yìn parí ohun tí ẹsẹ̀ kò lè ṣe, kí a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí irin wà níwájú rẹ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò gbọ́ ìró rẹ̀. Nítorí náà irin ibẹ̀ a máa kéré, ìgbéraga a sì máa dínkù pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kò dínkù: àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi ọ̀nà méjèèjì wé ara wọn lára ènìyàn 15 tí wọ́n mọ irin í gbé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009, pé iṣan itan ń ṣiṣẹ́ bákan náà nínú méjèèjì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ti iwájú fúyẹ́ ju ti ẹ̀yìn lọ, àti pé ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí orúnkún ń rí níwájú kò tó èyí tí ó ń rí lẹ́yìn. Àwọn tí ń gbé irin ní Òlíńpíìkì kò tilẹ̀ lè ṣe aláìṣe é, nítorí pé nínú ọ̀kan nínú ìgbérin wọn méjèèjì, inú ìlóṣòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gba irin sí èjìká, kí wọ́n tó dìde, kí wọ́n tó jù ú sókè orí.

Àwọn ọ̀nà mìíràn tún wà. Ed Zercher, ará St. Louis ní Amẹ́ríkà, a máa gbé ọ̀pá sí kòtò ìgúnpá ní àwọn ọdún 1930, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ọ̀nà náà dára fún ẹni tí ìrora kò bá bà lẹ́rù. Àwọn kan a sì na apá sókè orí pẹ̀lú irin kí wọ́n tó lóṣòó, níbi tí èjìká ti í bẹ̀bẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni a ń sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò lè fo ọ̀ràn bí ó ti yẹ kí a lọ jinlẹ̀ tó, nítorí pé ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀mọ̀wé kan ti í di òfin ẹ̀sìn. Ní 1961, Karl Klein ti Yunifásítì Texas sọ pé lílóṣòó jinlẹ̀ pẹ̀lú irin ń tú okùn orúnkún, ọ̀rọ̀ náà sì tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá fi ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má ṣe kọjá ìdajì ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ibi náà nínú orúnkún tí ó bá dá ṣáṣá. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń fi ìlóṣòó dẹ́rù ba ara wọn yìí, àwọn ìyá tiwa wà lórí ìlóṣòó ní ìdí ààrò àti ní etí odò, tí ìdí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé orúnkún wọn ń tú. Lónìí, òfin ìdíje ni pé òkè itan níbi ìbàdí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju orí orúnkún lọ kí adájọ́ tó lè ka ìgbérin sí. Àwọn onímọ̀ ní Japan sì ti fi hàn ní 2019, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fi lílóṣòó dé ìsàlẹ̀ wé ti ìdajì ọ̀nà, pé iṣan ìdí àti ti inú itan tóbi sí i lára àwọn tí ó dé ìsàlẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, bí ti iwájú itan kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Wàyí o, kí ni ènìyàn gbà wá láti ọ̀run nínú gbogbo èyí? Egungun ni. Kò sí irin tí ó lè fa egungun itan gùn, kò sí ìsinmi tí ó lè sọ ọ́ kúrú. Ẹni tí itan rẹ̀ bá gùn, tí òkè ara rẹ̀ sì kúrú, bí ó bá lóṣòó, dandan ni kí ó tẹ̀ síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin yóò fà á ṣubú sẹ́yìn. Olùkọ́ lè pariwo pé kí ó na ẹ̀yìn títí ohùn yóò fi há, òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò gbọ́ ariwo. Ẹlòmíràn sì wà tí itan rẹ̀ kúrú, tí òkè ara rẹ̀ gùn, tí yóò bọ́ sílẹ̀ láìtẹ̀ rárá ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí ó gbé irin, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn yòókù ṣe ẹlẹ́yà. Bí egungun ìbàdí ti gba orí egungun itan sínú pàápàá yàtọ̀ láti ara ènìyàn kan sí èkejì, òun ni ó ń sọ bí ẹsẹ̀ yóò ti yà tó kí ìlóṣòó tó rọrùn. Ìka kò dọ́gba. Àwọn baba wa ní ọ̀dọ̀ Àjàlá Alámọ̀, onígbèsè tí ń sá pamọ́ fún olówó rẹ̀, ni olúkúlùkù ti ń yan orí kí ó tó wáyé, àti pé ojú kò lè mọ èyí tí ó jiná yàtọ̀ sí èyí tí kò jiná, nítorí gbogbo wọn ni wọ́n ń dán. Ṣùgbọ́n ohun tí orí fi pamọ́ yìí, egungun itan kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá ní okùn ìwọ̀n lè wọ̀n ọ́n.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí egungun náà sọ, kí ẹ sì wo ohun tí kò sọ. Kò sọ pé ẹni yìí yóò lágbára, kí tọ̀hún máa lọ jókòó. Ohun tí ó sọ ni pé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yóò jèrè púpọ̀ bí ó bá gba ìtẹ̀síwájú rẹ̀ ní àbùdá, tí ó rẹ ọ̀pá sílẹ̀ sẹ́yìn èjìká, tí ó sì jẹ́ kí ìbàdí ṣe iṣẹ́ tí a dá a fún. Pé bí ó bá sì fẹ́ kí iwájú itan rẹ̀ rí iṣẹ́ gidi ṣe, kí ó gbé irin tí ó fúyẹ́ síwájú, kí ó fi nǹkan tẹ́ gìgísẹ̀ ga díẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú a sì ṣe é ní ìdàkejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kádàrá a máa yan ọ̀nà fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í bá a rìn ín. N kò sọ pé gbogbo wa ni a ó dé ibì kan náà o. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń ta oògùn.

Ta ni ó wá ń rìn ín? Ìtàn kan wà nínú Ifá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé, pé gbogbo àwọn Orí pe ara wọn jọ láti gbìmọ̀ ohun rere, wọn kò sì pe Ẹsẹ̀ sí i. Ọ̀pẹ̀bẹ́ ni awo Ẹsẹ̀, Èṣù ni ó sì sọ pé ìmọ̀ràn tí a gbà láìsí Ẹsẹ̀ níbẹ̀ kò ní í ṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí: wọ́n gbìmọ̀ títí, kò sí èyí tí ó yọrí, àfi ìgbà tí wọ́n tó ránṣẹ́ pe Ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ Ifá ní ìgbìyànjú ni Ẹsẹ̀ dúró fún níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé, kí ni ó dé tí àwọn àgbà kò fi yan ọwọ́? Ọwọ́ ni ó ń ro oko, òun ni ó ń gbẹ́nà, òun ni ó ń hun aṣọ. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni a fẹ́ fi àpẹẹrẹ hàn, ọwọ́ ni ó yẹ. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ a máa yan ẹrù tí yóò gbé, bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, a sọ ọ́ kalẹ̀ kí ara máa lọ. Ẹsẹ̀ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun yòówù tí orí, èjìká, ẹ̀yìn àti ọwọ́ bá gbà láìfi lọ̀ ọ́, òun ni yóò rù ú délé. Ẹni tí ó bá ti lóṣòó sábẹ́ irin rí, tí ó dé ìsàlẹ̀, tí ó sì wá rí i pé ọwọ́ òun tí ó di ọ̀pá mú kò lè ran òun lọ́wọ́ rárá, kò ní í bèèrè ìdí tí àwọn babaláwo fi yan ẹsẹ̀.

Àwọn agbérin fẹ́ràn ìtàn Milo ará Croton, ajìjàkadì Gíríìkì tí ó borí nígbà mẹ́fà ní Òlíńpíìkì àtijọ́, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà kí a tó bí Jésù. Wọ́n ní ó máa ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́, bí màlúù ti ń dàgbà ni agbára rẹ̀ ń dàgbà, títí ó fi gbé akọ màlúù odidi. Èmi kò gbà á gbọ́, kì í sì í ṣe pé mo kẹ́gàn Milo. Ìtàn náà fún Ẹsẹ̀ ní gbogbo ògo, ó sì lé Orí jáde. Màlúù kì í dúró de ẹni tí ó gbé e. Òun a máa sanra bí oúnjẹ rẹ̀ bá ti tó, yálà iṣan ṣe tán tàbí kò ṣe tán. Gbogbo ẹni tí ó ti gbé irin kọjá ọdún kìn-ín-ní ni ó mọ ọjọ́ tí irin kọ̀, tí kò lọ sókè mọ́, tí ohun tí a gbé lóṣù tó kọjá tún di òkè lójú ẹni. Ní ọjọ́ náà ni ẹni tí kò mọ orí rẹ̀ yóò máa na ẹsẹ̀ rẹ̀ ní pàṣán, yóò fi agbára kún agbára títí ẹ̀yìn yóò fi kàn. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ. Ẹni tí ó mèrò a sọ irin kalẹ̀, a dín in kù, a gbé ọ̀pá kúrò níbi tí ó wà bọ́ síbòmíràn, a fi oṣù méjì lóṣòó níwájú kí ó tó padà sẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Orí àti Ẹsẹ̀ ti ń gbìmọ̀ pọ̀.

Ó ku ẹnìkan tí kò sí nínú ìtàn Ifá tí mo sọ yẹn, òun náà sì ní ìpín nínú agbára ẹsẹ̀. Henry Steinborn, ọmọ Jámánì, ni wọ́n tì mọ́ inú àgọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Australia nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, níbẹ̀ ni ó sì ti fi irin gbígbé pa àkókò. Ìgbà tí ó dé Amẹ́ríkà ní 1921, ẹnu ya àwọn ènìyàn sí bí ó ti ń lóṣòó pẹ̀lú irin ńlá. Kò sí igi tàbí òpó tí ó ń gbé irin kọ́ kí ó tó rù ú: ńṣe ni ó ń gbé ọ̀pá náà nàró lórí ẹnu kan, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí yóò sì fi èjìká gbà á bí ó ti ń wó bọ̀, nínú ìlóṣòó, kí ó tó dìde. Àwọn tí wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ẹ wo aláàárù ní ọjà: àpò tí ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé sáré kọjá láàrin èrò yìí, bí ẹlòmíràn kò bá bá a gbé e ru orí, ilẹ̀ ni ì bá wà. Òpó irin méjèèjì tí a ń gbé ọ̀pá kọ́ lóde òní, ọwọ́ ẹni tí ń báni gbé ẹrù rù ni, ẹni tí ó bá sì ń yangàn pé òun nìkan ni òun gbé irin òun, kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú ti Steinborn.

Bí ó bá wá di pé kí a béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀sìn bóyá Ọlọ́run tilẹ̀ ka agbára ẹsẹ̀ sí, ìdáhùn wọn kò ṣe ọ̀kan. Sáàmù 147 sọ ọ́ láìfi bò pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ènìyàn ni inú Olúwa dùn sí, ó sì so ó pọ̀ mọ́ agbára ẹṣin. Nínú hàdíìsì tí Muslim gbà sílẹ̀, Ànọ́bì ní onígbàgbọ́ tí ó lágbára dára ju aláìlágbára lọ, Ọlọ́run sì fẹ́ràn rẹ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oore wà lára àwọn méjèèjì. Àwọn àlùfáà kan ní agbára ìgbàgbọ́ ni ó ń wí, àwọn kan kò yọ ti ara kúrò. Èmi kò rí ìjà láàrin àwọn méjèèjì. Ẹṣin inú Sáàmù, ẹṣin ogun ni, ẹsẹ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ ogun. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni a ń bá wí, kì í ṣe itan. Paul Anderson, tí a bí ní Toccoa ní ìpínlẹ̀ Georgia ní 1932, kọ́ ìlóṣòó ní ilé pẹ̀lú àjákù irin àti kọnkéré, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ní ìgboro wa ti ń da sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà ní ẹnu páìpù méjèèjì. Ó ya àwọn ará Moscow lẹ́nu ní 1955. Ó gba wúrà ní Melbourne ní 1956, níbi tí àpapọ̀ irin òun àti Humberto Selvetti ti Argentina ti dọ́gba, tí òun sì borí nítorí pé òun ni ara rẹ̀ fúyẹ́ jù. Ọkùnrin tí ayé ń pè ní alágbára jùlọ yìí kò yé sọ níwájú èrò pé òun kò lè gbé ọjọ́ kan ṣoṣo láìsí Kristi, ní 1961 òun àti aya rẹ̀ sì dá ilé kan sílẹ̀ ní Vidalia fún àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti ṣìnà. Ó gbà pé ẹsẹ̀ òun kò lè gba òun là, kò sì tìtorí rẹ̀ yé lóṣòó.

Ẹnìkan lè bi mí pé, bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni àpẹẹrẹ ìgbìyànjú, kí ni kí a sọ fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e? Ìbéèrè náà tọ́, orílẹ̀-èdè tiwa sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà ju ibòmíràn lọ, nítorí pé nínú irin gbígbé àwọn abirùn ní Paralíńpíìkì, Nàìjíríà kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn. Kò sí ìlóṣòó nínú ìdíje yẹn; orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí, wọn a sọ irin kalẹ̀ dé àyà, wọn a dúró, wọn a sì tì í padà sókè. Yakubu Adesokan gba wúrà bẹ́ẹ̀ ní London ní 2012, nínú ìsọ̀rí àwọn tí kò ju kílò 48 lọ. Folashade Oluwafemiayo gba tirẹ̀ ní Tokyo, ó sì tún gbà á ní Paris ní 2024. Kádàrá ti ọ̀nà kan pa mọ́ wọn pátápátá, wọ́n sì gba òmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì wà tí ó ní kádàrá ti parí ọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ìlàjì irin tí obìnrin náà gbé ní Paris, kí ó sì sọ ọ́ níbẹ̀.